Lẹ́tà Ìparí Táàmù Kẹta sí Ẹ̀yin Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́.

Àwọn ọmọ SS3 ti parí ìdánwò WAEC, a ń retí èsì. Àwọn JSS3 náà ti ṣe tiwọn tán. Ilé Aláwọ̀ Ewé ló gba ife eré ìdárayá ọdún yìí. Káàdì èsì wà lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì. Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Kẹsàn-án, la ó wọlé padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gẹ irun àwọn ọmọkùnrin yín kó tó dọjọ́ náà.

Ohun tó mú lẹ́tà yìí gùn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìgbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní CNC. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ pé ó bàjẹ́ ní oṣù Kẹfà. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kiri lórí WhatsApp kọ́ ló rí.

Ọmọ SS1 kan mú fáìlì wá nínú fíláàṣì, ó fẹ́ gbẹ́ orúkọ ìdílé rẹ̀ sára plywood tó nípọn mìlímítà 18. Mìlímítà 3 péré ló yẹ kí bíìtì, irin ẹnu ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ igi, wọnú igi. Ṣùgbọ́n G20 ló wà lókè fáìlì náà, dípò G21. G21 ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé mìlímítà ni gbogbo nọ́ńbà. Íǹṣì ni G20 ń pè é. Íǹṣì kan sì jẹ́ mìlímítà 25.4, ni 3 bá di 76.2. Bíìtì la igi já, ó wọ tábìlì ẹ̀rọ, ó sì kán. Èkúfọ́ rẹ̀ lọ gún mọ́ ike tó bo iwájú ẹ̀rọ. Ọmọ kankan kò fara pa: ẹ̀yìn ìlà pupa ni gbogbo wọn wà, awò ìdáàbòbò sì wà lójú wọn.

Ẹ̀bi tiwa wà níbẹ̀. Ó yẹ ká kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ̀rọ rìn lófìfo lókè igi ká sì máa wò ó, a kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti bá olùkọ́ tọ́rọ̀ kàn sọ̀rọ̀.

Àmọ́ nígbà tí mo bi ọmọ náà pé kí ni G20, kò mọ̀. Ẹnìkan ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni wọ́n sanwó fún láti bá a ṣe fáìlì náà. Kì í sì í ṣe òun nìkan: nínú fáìlì mọ́kànlá tí mo yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yẹn, méje ló ti ìta wá. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí iṣẹ́ ọmọ yín dára. Ṣùgbọ́n ẹni tẹ́ ẹ sanwó fún ló kọ́ iṣẹ́, ọmọ yín kò kọ́ ọ.

Ẹ wá wo àwọn ọmọbìnrin SS2 mẹ́ta tó ya pátákó tuntun fún gbọ̀ngàn wa. Bíìtì mìlímítà 6 ni wọ́n kọ́kọ́ yàn. Wọ́n dán iṣẹ́ náà wò lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n rí i pé ILÉ Ẹ̀KỌ́ ti di ILE EKO. Mìlímítà 4 ni àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà fẹ̀, bíìtì 6 kò lè wọ ibẹ̀, kọ̀ǹpútà sì fò ó láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ya ipa ọ̀tọ̀ fún gbogbo àmì, wọ́n lo bíìtì 3. Wọ́n tún rí ibi tí ìlà kan kò ti pàdé lára L, àlàfo tí kò tó fọ́nrán irun, èyí tí kò ní jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ inú yàtọ̀ sí ìta. Mo dúró tì wọ́n títí ẹ̀rọ fi gbẹ́ àmì tó kẹ́yìn, mo sì pe gbogbo olùkọ́ wá wò ó. Ilẹ̀ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ògbóǹtarìgì agbẹ́gilére, ti wá la wà yìí, ẹni tí ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1924. Ọmọ wa kò gbọ́dọ̀ yá iṣẹ́ lọ́wọ́ alágbàṣe.

Nítorí náà, láti táàmù tó ń bọ̀, a kò ní gba fíláàṣì mọ́. Ilé-ìwé ni ọmọ yóò ti ya iṣẹ́ rẹ̀, lójú olùkọ́, yóò sì ka fáìlì náà sókè kí ẹ̀rọ tó tàn. Bí ó bá fẹ́ fi kọ́ra nílé, ọ̀fẹ́ ni Inkscape àti FreeCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya iṣẹ́.

Sí àwọn tó ní ká ti yàrá iṣẹ́-ọwọ́ pa: a kò ní tì í. Sí àwọn tó ní kí òbí ọmọ náà san owó ẹ̀rọ: a kò ní gbà á lọ́wọ́ wọn.

Owó yàrá iṣẹ́-ọwọ́ yóò kúrò ní ₦5,000, yóò di ₦7,500 ní táàmù kan. Mo mọ bí ọjà ṣe rí. Bíìtì àti igi ti wọ́n, a sì gbọ́dọ̀ ra inverter, torí bí iná bá lọ lágbede méjì iṣẹ́, ẹ̀rọ kì í mọ ibi tó dé mọ́, igi náà á sì bàjẹ́. A kò ní lè dín in kù fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ lè san án lẹ́ẹ̀mejì.

Fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ọmọ tí kò bá mú un padà lọ́jọ́ ìwọlé kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-ìwé