Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù kọ́ ló yẹ kó dájọ́ rẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú,

Inú mi ò dùn rárá. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni wọ́n rẹ́ mi jẹ níbi ìdíje croquet kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, lójú ọ̀sán gangan, nítorí pé kò sí rẹfirí nítòsí. (Croquet ni eré tí a ti ń fi òòlù gbá bọ́ọ̀lù gba inú hóòpù, ìyẹn irin tí a rì mọ́lẹ̀ lórí pápá bí ẹnu ọ̀nà kékeré.) Mo délé, mo ṣí ìwé ìròyìn yín, mo sì bá òǹkọ̀wé eré ìdárayá yín níbi tó ti ń yin croquet pé eré ọmọlúwàbí ni, pé àwọn tó ń gbá a ló ń ṣe rẹfirí ara wọn, àti pé kí wọ́n gbé e wá sílé lọ́dọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé ohun tó ń yìn yẹn gan-an ló ń ba eré náà jẹ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Èmi àti ọkùnrin kan la jọ pàdé, association croquet la sì ń gbá, ìyẹn ẹ̀yà tí ẹnì kan ti lè gba hóòpù léraléra kó tó kan ẹnì kejì, bọ́ọ̀lù búlúù àti dúdú jẹ́ tirẹ̀, pupa àti yẹ́lò jẹ́ tèmi. Mo ti fi bọ́ọ̀lù pupa gba hóòpù mẹ́sàn-án, ara mi sì ti yá gágá. Bọ́ọ̀lù dúdú rẹ̀ wá lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin hóòpù kẹta, ó fẹ̀gbẹ́ ti irin náà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ eré yìí á ti mọ̀ pé ewu ń bẹ níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, ó rọrùn kí òòlù há a mọ́ irin tàbí kó kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Àṣìṣe sì ni méjèèjì. Òfin là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù tó lè fa iyèméjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún alátakò rẹ̀, kí wọ́n lè pe rẹfirí wá wò ó. Ọkùnrin yìí ò sọ nǹkan kan. Mo wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, níbi tí ẹni tí kò tíì kàn máa ń jókòó sí, ni mo bá gbọ́ kó-kó. Ìró kan ló yẹ kí n gbọ́, méjì ni mo gbọ́. Bọ́ọ̀lù sì ti yọ lódìkejì hóòpù.

Mo dìde, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òòlù yín kàn án lẹ́ẹ̀mejì." Ó ní rárá o, ẹ̀ẹ̀kan ni. Mo ní ká pe rẹfirí. Rẹfirí kan ṣoṣo tó wà fún pápá mẹ́fà ń gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀ lọ́wọ́ ní ìkángun kejì! Ìgbà tó máa fi rìn dé ọ̀dọ̀ wa, kí ló kù tó fẹ́ wò? Ó bi mí, ó bi ọkùnrin náà, ó wá ní bí ọ̀rọ̀ àwọn méjì bá ta kora, tí kò sí ẹlẹ́rìí, ẹni tó rí i dáadáa jù la ó gbà gbọ́, bí ó bá sì dọ́gba, ti ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ni yóò lékè. Mo fi nǹkan bí ogún yáàdì jìnnà síbẹ̀, alátakò mi dúró lé bọ́ọ̀lù lórí. Ṣé ẹ rí i pé ẹjọ́ náà ti parí kí wọ́n tó dá a?

Ẹni tó bá ń gbá association croquet á ti mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Bí o bá gba hóòpù kan, wàá tún gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí bọ́ọ̀lù rẹ bá kan òmíràn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wàá tún gbá a, ó sì lè máa lọ bẹ́ẹ̀ kó má dúró. Ká ní wọ́n ka àṣìṣe yẹn sí àṣìṣe ni, ibẹ̀ ni tirẹ̀ ì bá ti tán, kó wá kàn mí. Dípò bẹ́ẹ̀, hóòpù mẹ́jọ ló gbà léraléra. Mo jókòó sórí àga bí ogójì ìṣẹ́jú, mi ò fọwọ́ kan òòlù. Àmì 26 leré náà, ìyẹn hóòpù 12 àti èèkàn àárín pápá fún bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì. Àmì mẹ́ta péré ló fi borí mi.

Mi ò pe ọkùnrin náà lólè. Ó ṣeé ṣe kó má gbọ́ ìró kejì, nítorí gbogbo ọkàn rẹ̀ ló wà lára kí bọ́ọ̀lù kọjá. Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù, tó ń fẹ́ kó wọlé lójú méjèèjì, òun kọ́ ló yẹ ká bi bóyá ó ṣe dáadáa. Àwọn àgbà wa ní agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Níbí, ẹni tọ́rọ̀ kàn ni wọ́n fi jẹ adájọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé òfin.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìró kejì yẹn kò tó nǹkan. Bọ́ọ̀lù croquet fẹ̀ ní mílímítà 92, ó sì wúwo tó gíráàmù 454. Ní àwọn ìdíje ńlá, àlàfo tó ń ṣẹ́ kù láàárín bọ́ọ̀lù àti irin hóòpù kì í ju mílímítà kan tàbí méjì lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí a ṣe ń gbá a kó lọ tààrà. Mo ti dúró nínú òjò òwúrọ̀ lórí pápá gígùn yáàdì 35, mo gbá bọ́ọ̀lù kan náà sí hóòpù kan náà bí ọgọ́rùn-ún ìgbà, títí ọrùn ọwọ́ mi fi wú. Ẹni tó bá fi òòlù ti bọ́ọ̀lù kọjá níbẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó dá a lẹ́kun, ó ti fi ọgọ́rùn-ún ìgbà tèmi yẹn ṣòfò.

Abẹ́ igi odán ni bàbá mi ti máa ń ta ayò ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo máa ń gbé omi wá fún wọn. Ojú bí ogún ló máa ń wà lórí ọpọ́n, ọmọdé àti àgbà, ọ̀ta àti ọ̀pẹ́. Ta ló fẹ́ fi ọmọ ayò kan pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ níbẹ̀? Kó tó gbé e, wọ́n á ti hó lé e lórí. Ní ti croquet, òǹwòran kò gbọdọ̀ la ẹnu rẹ̀. Àwọn ìyàwó àti ọkọ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá wa lọ́jọ́ Àìkú yẹn, méjì nínú wọn wá bá mi nídìí tíì lẹ́yìn eré pé àwọn gbọ́ ìró méjì. Mo gbà pé kò yẹ kí òǹwòran máa kọ́ni bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti pa ẹnu ogún èèyàn mọ́, ẹ jẹ́ kó ku ẹnì kan tó lè sọ òtítọ́.

Àwọn aláṣẹ eré yìí ò fẹ́ gbọ́. Bí o bá ti sọ̀rọ̀ rẹfirí, wọ́n á ní croquet kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, pé ìgbẹ́kẹ̀lé ni wọ́n fi dá a sílẹ̀. Wọ́n ń rí owó gé koríko, wọ́n ń rí owó ra àga tuntun, wọ́n ń rí owó se àsè alẹ́ ìdíje, owó rẹfirí nìkan ni wọn kì í rí. Wọ́n ń ṣe é bíi pé agbo ọ̀rẹ́ mẹ́rin ni eré náà ṣì jẹ́ lẹ́yìn ilé olówó kan. Ó ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1868 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ni ìdíje tẹ́níìsì Wimbledon sílẹ̀, croquet ni wọ́n sì torí ẹ̀ dá a, tẹ́níìsì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a níbẹ̀ ni. Wọ́n gbá croquet ní Olympic Paris ọdún 1900, àwọn obìnrin sì wà lára àwọn tó gbá a. Dorothy Steel gba ife ìdíje gbogbogbòò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹrin, ní 1925, 1933, 1935 àti 1936, tọkùnrin tobìnrin ló sì jọ ń dù ú. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí obìnrin yẹn, torí eré tí agbára apá kò ti jẹ́ nǹkan báyìí ṣọ̀wọ́n. Eré tí ọpọlọ àti ọwọ́ tó dúró ṣinṣin ń jẹ, ó yẹ kó ní adájọ́ tó mọ́.

Ẹ wá gbé e dé ìpele àgbáyé. Láti ọdún 1925 ni wọ́n ti ń du ife croquet tí wọ́n ń pè ní MacRobertson Shield láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Reg Bamford, ọmọ South Africa, gba ife àgbáyé association croquet ní 2001, 2005, 2009 àti 2013. Ní ti golf croquet, èyí tí gbogbo wa ń gbá lọ sí hóòpù kan náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó bá kọ́kọ́ gba hóòpù méje borí, ọwọ́ àwọn ará Íjíbítì ni ọ̀pọ̀ ife rẹ̀ ti ń bọ́ sí láti ìgbà tí Khaled Younis ti gba àkọ́kọ́ ní 1996. Ọmọ Áfíríkà ni wọ́n, orí mi máa ń wú. Ẹ wá fojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti Cairo wá, èdè Lárúbáwá ló ń sọ nílé, ó gbọ́ ìró méjì lẹ́nu hóòpù, alátakò rẹ̀ sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń jiyàn òfin láti ogójì ọdún. Ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa lékè? Èmi tí mo ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nílùú yìí, tí mo ti ṣe nọ́ọ̀sì títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, ohùn mi kò jáde dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò le. Pápá méjì, rẹfirí kan. Kí rẹfirí náà má gbá bọ́ọ̀lù rárá ní wákàtí tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Kó so aṣọ pupa mọ́ apá kí a lè rí i láti ọ̀nà jíjìn. Kí wọ́n fún un ní àga láàárín pápá méjèèjì, kó sì máa rìn wá síbi hóòpù fúnra rẹ̀ bó bá ti rí bọ́ọ̀lù tó fẹ̀gbẹ́ ti irin, kó má dúró dìgbà tí a bá ké sí i. Òfin ti mọ rẹfirí tó ń bójú tó eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ò ní dá nǹkan tuntun sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní èèyàn ò tó, kí àwa tí a wá díje máa gbà á ṣe. Nínú ìdíje ọlọ́jọ́ méjì, kò sí ẹni tí kì í jókòó lásán fún wákàtí mẹ́ta. Kí oníkálukú fi wákàtí kan ṣe rẹfirí, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri ní àárọ̀. Kí wọ́n fi pọ́n-ùn méjì kún owó ìforúkọsílẹ̀ wa, kí wọ́n fi ra oúnjẹ ọ̀sán fún ẹni tó ṣiṣẹ́. Èmi á san márùn-ún.

Kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Nígbà òtútù tó kọjá, tí yìnyín bo pápá, Táíwò àti Kẹ́hìndé jókòó sí kíṣìn, wọ́n ń bi ara wọn ní ìbéèrè látinú ìwé òfin títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kẹ́hìndé lè ka gbogbo àṣìṣe tí òòlù lè ṣe láìwòwé. Mo mú wọn lọ bá ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ pé wọ́n fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Ó ní wọ́n ṣì kéré. Ọmọ tó lè wa ọkọ̀ lójú títì nílùú yìí ló kéré jù láti gbọ́ ìró méjì! Táíwò ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé, ó wá ní, "Mọ́mì, ṣé wọn ò fẹ́ kẹ́nì kankan rí i ni?" Mi ò mọ èsì tí mo fẹ́ fún un.

Ó tún yẹ kí wọ́n túmọ̀ òfin sí àwọn èdè míì fún ìdíje àgbáyé. Kí wọ́n gbà kí á máa fi fóònù ya fídíò bọ́ọ̀lù tó bá nira. Ní ti òǹkọ̀wé yín tó ní kí wọ́n gbé eré yìí wá sílé, mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́ rẹfirí kí wọ́n tó ra òòlù.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ìdíje tó kàn. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ pé bí bọ́ọ̀lù kan bá fẹ̀gbẹ́ ti irin, yálà tèmi tàbí ti alátakò mi, màá dá eré dúró títí rẹfirí á fi dé ẹ̀gbẹ́ hóòpù. Di àárọ̀ òní, wọn ò tíì fèsì.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì