Ẹ bá wa ya tíkẹ́ẹ̀tì náà sí méjì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, ṣùgbọ́n n kò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ohun tí ojú mi rí lẹ́nu géètì pápá ìṣeré ìlú wa lọ́jọ́ Àìkú kan ló mú mi jókòó ti bébà lónìí. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà. Ẹgbẹ́ mi ni, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ọ̀rẹ́ tí mo ní ní ìlú mìíràn sọ fún mi pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn náà.

Ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọdún 31 ni mo fi gba owó ọjà fún ìjọba ìbílẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Tíkẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ mi. Láràárọ̀ ni màá lọ gba ìwé tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ akápò, màá fọwọ́ sí i pé láti nọ́ńbà báyìí dé nọ́ńbà báyìí ló wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá gba owó lọ́wọ́ aláta tàbí oníṣu, màá já tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún un, ìdí rẹ̀ á ṣẹ́ kù sínú ìwé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìdí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ni akápò máa kà. Kò ní bi mí pé èló ni mo pa. Bí ìdí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ 80, owó 80 ló gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì. Mo sì rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó rò pé àwọn gbọ́n ju akápò lọ. Wọ́n á yà lọ́dọ̀ àwọn ìyá ọjà nírọ̀lẹ́, wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ kó tíkẹ́ẹ̀tì tòní padà fún mi," kí wọ́n lè rí i tà lọ́la. Àwọn tí ọwọ́ bà nínú wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìgba owó ìfẹ̀yìntì. Nítorí náà, tí mo bá rí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti tà rí, mo mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, agogo 4 ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Agogo 3 kò tíì lù tí èmi àti ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún 9, ti débẹ̀. Fèrèsé kékeré kan wà lára ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí lórí pé ibẹ̀ ni a ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Títì ló wà, aláǹtakùn ti kọ́lé sí i. Ọkùnrin kan tó dúró sábẹ́ agboòrùn ni gbogbo wa ya bò. Kò sí ìlà, kò sí ẹni tó ní kí á tò. Àwọn ọ̀dọ́ tó lágbára ń na ọwọ́ kọjá lórí wa. Ìyá kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn kígbe títí, ó sì padà sílé. Mo wò ó bó ṣe ń lọ, ọ̀já ọmọ rẹ̀ ti tú, kò tilẹ̀ dúró dì í. Nígbà tí ó kàn mí, mo na ẹgbẹ̀rún 2 náírà, ẹgbẹ̀rún kan fún àgbà, ẹgbẹ̀rún kan fún ọmọdé, torí wọn kì í dín ti ọmọdé kù. Ọkùnrin náà na tíkẹ́ẹ̀tì 2 sí mi.

Bí mo ṣe gbà á ni ọwọ́ mi ti sọ fún mi. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára ìwé máa ń le, ẹ ó sì rí ibi tí wọ́n ti já a létí. Èyí rọ̀ bí aṣọ àlòkù. Wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po rí, òógùn ọwọ́ ẹlòmíràn ṣì wà lára rẹ̀. Mo wo nọ́ńbà. Ọ̀kan jẹ́ 0417, èkejì jẹ́ 0268. Ọwọ́ kan náà ló fún mi ní méjèèjì, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ pé láti inú ìwé ló ti já wọn, 0417 àti 0418 ló yẹ kí n bá.

N kò sọ̀rọ̀. Mo mú ọmọ dúró sábẹ́ igi, mo ní kó mú tirẹ̀ dání dáadáa. Ó yọ báírò kan lápò mi, ó ya bọ́ọ̀lù sí ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó kọ 10 sí àárín bọ́ọ̀lù. Ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìtàn kan tí mo máa ń sọ fún un. Ní 1976, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 10, bàbá mi mú mi lọ sí pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn láti lọ wo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù IICC Shooting Stars. Ọdún yẹn ni wọ́n di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dàgbà tó ò nílò kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ti àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn bíi Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Múdà Láwàl àti Best Ogedegbe. Ohun tí mo rántí jù lọ ni ọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì. Ó gba tíkẹ́ẹ̀tì bàbá mi, ó fà á ya gbẹ̀rẹ̀ lójú wa, ó ju ìdajì sínú àpótí, ó dá ìdajì padà. Bàbá mi fi ìdajì yẹn sínú Bíbélì rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú, ọ̀dọ̀ mi ló wà báyìí. Ọmọ-ọmọ mi ti rí i. Òun náà fẹ́ ní tirẹ̀.

A dé ẹnu géètì. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ gba méjèèjì lọ́wọ́ wa, kò wò ó, kò ya á, ó jù wọ́n sínú ọ̀rá dúdú kan tó so mọ́ irin géètì. Ọmọ náà kò kúrò lójú kan. Ó ní, "Bàbá, wọn ò dá tèmi padà." Mo bá a bẹ ọkùnrin náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ wọlé jàre, ẹ ti dí ọ̀nà."

Bọ́ọ̀lù ti wọ nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ télọ̀ pè mí lórí fóònù pé òun ti dé, òun kò mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Mo bọ́ sí ẹnu géètì láti pàdé rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbà á, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Báírò búlúù ni wọ́n fi yà á, 10 wà láàárín. Mo wo iwájú: 0268.

Olóòtú, ara mi gbọ̀n. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ti gba ẹgbẹ̀rún 2 lójú mi láàárín wákàtí kan ààbọ̀, Ọlọ́run ló mọ iye tó ti gbà kó tó kàn mí. Nínú ìwé ẹgbẹ́, ẹgbẹ̀rún kan ló máa wà níbẹ̀, bó bá tilẹ̀ wà. Ìyókù ti gba inú ọ̀rá dúdú lọ. Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣàkíyèsí ọmọkùnrin kan tó ń gbé ọ̀rá yẹn lọ síbi agboòrùn, tó ń gbé òfìfo padà. Kò sá pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mi ò tíì wá sọ ti àwọn tó ń wọlé láìní tíkẹ́ẹ̀tì rárá. Géètì ẹ̀yìn wà, àwọn tó wọ aṣọ ìjọba ló ń ṣọ́ ọ. Bí èèyàn bá ti fi 500 náírà sí àtẹ́lẹwọ́, tó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó wọlé nìyẹn. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ló wá dà bí òmùgọ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Kò ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ lẹ́yìn ìyẹn tí mo gbọ́ ohùn ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ lórí rédíò. Ó ní owó ẹnu géètì kò tó san owó ẹni tó ń gé koríko pápá. Ó ní àwa ará ìlú kò fẹ́ràn ẹgbẹ́ wa, pé a ò wá sí pápá. Lọ́jọ́ yẹn, iwájú ibi tí mo jókòó kún dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Àwọn alátìlẹ́yìn lu ìlù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo wá ń ronú nípa àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wa. Ọ̀kan nínú wọn ń gbé àdúgbò wa. Mo mọ̀ pé oṣù 4 ni wọ́n jẹ wọ́n lówó nígbà yẹn, torí ìyàwó rẹ̀ ń ra gààrí láwìn lọ́dọ̀ ìyàwó mi. Ọmọ yẹn ló ṣe ìrànwọ́ fún góòlù kan ṣoṣo tí a fi borí lọ́jọ́ náà. Owó tó yẹ kó di gààrí nílé rẹ̀ ló wà nínú ọ̀rá dúdú.

Ẹnìkan lè ní kí ni ká ṣe, bí Nàìjíríà ṣe rí nìyẹn. Irọ́ ni. Ọmọkùnrin kan ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa, tí wọ́n ti ń wo Premier League. Búlọ́ọ̀kù lásán àti páànù ni. Bó bá ti gba owó lọ́wọ́ rẹ, yóò fi máàkà sàmì sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ, àwọ̀ tòní yàtọ̀ sí tàná. Kò sí ẹni tó lè fi àmì àná wọlé. Bí ààyè ìjókòó bá kún, á ti ilẹ̀kùn, ì báà jẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀ ló dé. Ọmọ yẹn kò kàwé kọjá ìpele kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì, kò sì sí ọjọ́ tí kò mọ iye tó pa.

Mo ní ọmọbìnrin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù bíi tèmi. Ó ní inú fóònù ni tíkẹ́ẹ̀tì tòun ń wọ̀, àti pé láti 1994 ni òfin wọn ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí èèyàn máa ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù láìgba àṣẹ. Kì í ṣe pé wọn kì í ráhùn o. Ó máa ń sọ fún mi pé owó tíkẹ́ẹ̀tì ń pa àwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù pariwo títí lórí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní Premier League fẹnu kò ní 2016 pé tíkẹ́ẹ̀tì àwọn tó bá tẹ̀ lé ẹgbẹ́ wọn lọ sí ìlú mìíràn kò gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn 30 lọ. Ariwo ló ṣe é. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Mo wà ní pápá ìṣeré Surulérè ní Èkó lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹjọ 1989, nígbà tí Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Angola. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ kan ni mo fi dúró lórí àtẹ̀gùn títí eré fi parí, torí kò sí ibi tí mo lè gbé èkejì sí. Gbogbo Nàìjíríà rántí Samuel Okwaraji tó ṣubú lórí pápá lọ́jọ́ náà tó sì kú. Àwọn òǹwòran tó kú nínú ìfúnpọ̀ èrò lọ́jọ́ kan náà, ìwọ̀nba èèyàn ló ń rántí wọn. Ní Àbíjàn ní oṣù Kẹta 2009, èèyàn 19 ló kú nígbà tí èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ ní pápá Félix Houphouët-Boigny, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì 0268 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ta ló máa mọ iye èèyàn tó wà nínú pápá? Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ ńlá bá wá bá wa gbá, tí ìlú tú jáde, tí òjò ṣú, tí gbogbo wa sáré sí géètì kan ṣoṣo tó ṣí, ta ló máa dáhùn?

Mo ń bẹ ẹ̀yin aláṣẹ ẹgbẹ́ wa, mo mọ̀ pé ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́nu géètì ya tíkẹ́ẹ̀tì sí méjì lójú ẹni tó ni ín. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ti ya á, kò ṣeé tà mọ́. Ẹ kọ iye ìwé tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ gbé jáde sílẹ̀, kí ẹni tó ń tà á má sì jẹ́ ẹni tó ń kà á. Nígbà tí wọ́n bá sinmi láàárín eré, ẹ lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ẹ fi ń kí àwọn ọlọ́lá, kí ẹ fi sọ fún wa pé, tíkẹ́ẹ̀tì báyìí la tà lónìí. Àwa tí a wà níbẹ̀ lójú láti kà á. Ẹ nu aláǹtakùn kúrò lójú fèrèsé yẹn, kí àwọn ìyá ọlọ́mọ rí ìlà tò sí. Wọ́n ní ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ọ̀pọ̀ àwa tí a ti ń wá láti kékeré, fóònù tọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ wa.

Ọkùnrin abẹ́ agboòrùn yẹn, n kò fẹ́ kí ẹ lé e. Bóyá wọ́n jẹ òun náà lówó. Ẹ fún un ní ìwé tó ní ìdí, kí ẹ sì máa kà á nírọ̀lẹ́.

Wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù nílé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. A ó lọ. Ọmọ-ọmọ mi ti pa àyè mọ́ sínú Bíbélì bàbá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdajì ti 1976. Ó ní tí wọn ò bá ya ti òun, òun ò ní kúrò lẹ́nu géètì. Mo sọ fún un pé èmi náà ò ní kúrò.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Agbowó ọjà tó ti fẹ̀yìn tì