Kì í Ṣe Constantine Ló Kọ́kọ́ Fi Bíṣọ́ọ̀bù Jẹ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn òǹkàwé yín ti ń jiyàn lójú ewé lẹ́tà lórí ibi tí àṣẹ ìkọ́ni nínú ìjọ Kristẹni ti ṣẹ̀ wá. Mo fẹ́ dákẹ́, nítorí iyàn ẹ̀sìn kì í tán bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá sọ pé Constantine, ọba ilẹ̀ Róòmù, ló dá oyè bíṣọ́ọ̀bù àti Ìjọ Àgùdà sílẹ̀ ní ìpàdé ìjọ tó pè ní Nicaea, ní ilẹ̀ tó di Tọ́kì lónìí, lọ́dún 325, àti pé ibẹ̀ náà ló ti ṣa àwọn ìwé tó wà nínú Bíbélì jọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ohun tí wọ́n ń sọ kiri ní Oǹdó níbí bí ẹni pé ojú wọn ló ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ibi àìsùn òkú ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ni mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ìjọ mẹ́ta ni àwọn ọmọ ìyá náà pín sí. Nígbà tí orin dáwọ́ dúró, tí wọ́n ń pín àkàrà àti ẹ̀kọ, àbúrò tó ń lọ sí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́ọ̀sì sọ ọ̀rọ̀ Constantine yìí sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ katikíìsì ní Ìjọ Àgùdà. Ẹ̀gbọ́n kò bínú. Ó ṣí Bíbélì sí Mátíù 16, ó fi ìka lé ẹsẹ 18, tí Ìjọ Àgùdà gbà pé ó fún Póòpù láṣẹ, ó ní kó kà á sókè: “Ìwọ ni Pétérù, orí àpáta yìí ni èmi ó sì kọ́ ìjọ mi lé.” Àbúrò kà á tán, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, èwo ni ti Póòpù níbẹ̀?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì dojú kọ àkàrà wa.

Ẹni tó bá ń ka ẹsẹ yẹn lédè Yorùbá nìkan kò tilẹ̀ lè gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ tán. Ní èdè Gíríìkì, orúkọ Pétérù àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe àpáta, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ní èdè Árámáíkì, Kéfà tí Jòhánù 1:42 dárúkọ ló dúró fún méjèèjì. Lẹ́nu tiwa, Pétérù àti àpáta kò mọra wọn rárá, àfi bí ẹnì kan bá jókòó tì wá tó sọ ọ́ fún wa.

Ní ti Constantine, Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Lyons ní ilẹ̀ tó di Faransé lónìí, ti to orúkọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, tí à ń pè ní Póòpù lónìí, tẹ̀ léra wọn láti orí Linus dé orí Eleutherus ní nǹkan bí ọdún 180, nígbà tí ìyá tó bí Constantine pàápàá kò tíì dé ayé. Ta sì ni Constantine ìbá ránṣẹ́ pè sí Nicaea bí kò bá sí bíṣọ́ọ̀bù nílẹ̀? Sylvester, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, kò tilẹ̀ lọ. Àlùfáà méjì ló rán lọ ṣojú rẹ̀. Nínú òfin 20 tí ìpàdé náà gbé jáde, kò sí ọ̀kan tó ka àwọn ìwé Bíbélì. Inú lẹ́tà Àjíǹde tí Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, kọ lọ́dún 367 ni a ti kọ́kọ́ rí ìwé 27 ti Májẹ̀mú Tuntun láìlé, láìdín.

Síbẹ̀, mi ò lè gbè sẹ́yìn katikíìsì náà tán. Lọ́dún 256, Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage ní Àríwá Áfíríkà, àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó pàdé níbẹ̀ kò gba ohun tí Stephen, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, sọ lórí ìrìbọmi àwọn tó ti ọ̀dọ̀ aládàámọ̀ wá, bẹ́ẹ̀ Cyprian yìí kan náà ń bọ̀wọ̀ fún àga Pétérù, ìyẹn àga bíṣọ́ọ̀bù Róòmù. Ìdí tí Irenaeus sì fi to orúkọ wọ̀nyẹn ni pé àwọn kan ń sọ pé àwọn àpọ́sítélì ní ẹ̀kọ́ àṣírí tí wọ́n fi lé àwọn díẹ̀ lọ́wọ́. Bí a bá ń ka orúkọ àwọn Ọ̀ṣemàwé, ọba Oǹdó, tó ti jẹ, kì í ṣe láti fi hàn pé ọba kò lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ. A ń kà á kí àjèjì má baà wá purọ́ ìdílé mọ́ wa lọ́wọ́.

Ibi tó wù mí jù kí àwọn méjèèjì wò ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20. Ní ẹsẹ 17, Pọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí Éfésù pe àwọn alàgbà ìjọ. Ní ẹsẹ 28, ó sọ fún àwọn èèyàn kan náà pé Ẹ̀mí Mímọ́ ti fi wọ́n ṣe alábòójútó. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n túmọ̀ sí alábòójútó níbẹ̀ ló bí èyí tí Bíbélì wa pè ní “oyè bíṣọ́ọ̀bù” ní Tímótì Kìíní 3:1. Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ìtumọ̀, ọmọ ìjọ tó ní bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ oyè náà lọ́dún 1864. Mi ò sọ pé wọ́n tan wá jẹ. Bíbélì èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní Bíbélì nìkan ni òun ń tẹ̀ lé, láìsí ọwọ́ ènìyàn kankan láàárín, ọwọ́ Crowther ló fi ń ṣí i. Katikíìsì náà sì ní láti sọ fún wa bí alàgbà àti bíṣọ́ọ̀bù, tó jẹ́ ẹnì kan náà ní Éfésù, ṣe di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àwọn lẹ́tà Ignatius, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejì.

Àwọn bàbá wa nínú ẹ̀ka Ìjọ Aládùúrà tó di CAC náà rí i pé kíka Bíbélì kan náà kò ní kí èrò má yàtọ̀. Ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n fi kúrò ní Ìjọ Áńgílíkà ni pé wọn kò rí ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ nínú Bíbélì. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1940, àwọn àti àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí wọ́n jọ ń ka Bíbélì kan náà yapa, ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó fà á sì ni pé àwọn òyìnbó ń lo kunínì, òògùn ibà, nígbà tí àwọn ní àdúrà nìkan ni ìwòsàn, láìlo òògùn.

Áńgílíkà ni mí, ọmọ ìjọ tí míṣọ́nnárì Charles Phillips wá dúró tì ní Oǹdó lọ́dún 1877, nítorí náà mo mọ̀ pé ẹnu mi kò dá ṣáká nínú ọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ bi ẹni tó kọ lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé òfin wo nínú 20 ti Nicaea ló ti rí ìwé Bíbélì tí wọ́n ṣà. Bí ó bá fi hàn mí, èmi náà yóò kọ̀wé padà láti gbà á.

Tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Oǹdó.