Àárín pápá ni ìṣòro Super Falcons wà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa, Super Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, ti gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà bọ̀ láti Morocco, ọ̀rọ̀ owó ló gba ojú ewé eré ìdárayá yín kan. Dọ́là 100,000 tí Ààrẹ Tinubu ṣèlérí fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ilé oníyàrá mẹ́ta, oyè ìdánilọ́lá OON ti ìjọba àpapọ̀: àwọn kan ní ó ti pọ̀ jù, àwọn kan ní ó tọ́ sí wọn. Èmi gbà pé ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo lẹ́tà tí ẹ ti tẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò tíì rí ẹyọ kan tó sọ bí wọ́n ṣe gbá bọ́ọ̀lù náà gan-an. Ká ní Super Eagles ni, à bá ti tú u palẹ̀ désàlẹ̀ ìkòkò: ta ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ta ló yẹ kó jókòó, kí ló dé tí akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ṣe báyìí tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin gba ife fún ìgbà kẹwàá, a kàn pàtẹ́wọ́, a ka owó, ó parí.

Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, abẹ́ mi sì ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin ilé ìwé wa wà. Nítorí náà, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá jọ ti ẹni tó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

Alẹ́ Sátidé ọjọ́ 26, oṣù Keje, 2025 ni àṣekágbá yẹn láàárín àwa àti Morocco wáyé ní Rabat. Ilé ìwòran kan ní Ìbarà ni èmi àti àwọn aládùúgbò ti wò ó. Ghizlane Chebbak, balógun wọn, gbá ti àkọ́kọ́ wọlé ní ìṣẹ́jú 12, Sanaa Mssoudy sì fi ìkejì lé e ní ìṣẹ́jú 24. Kí wọ́n tó fun fèrè ìsinmi, àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó níwájú ti ń dìde lọ. Onílé ìwòran ti mú rìmóòtù, ó ní ṣé kí òun yí i sí fíìmù. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà ló dá a lóhùn pé bó bá yí i, kó dá owó òun padà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ò sanwó wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ wo góòlù Chebbak yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ wo ilẹ̀ tó yí i ká. Etí àpótí wa ló wà, kò sì sẹ́ni tó sún mọ́ ọn tó láti fẹsẹ̀ dí i. Àwọn adẹ́yìnmú ti fà sẹ́yìn sún mọ́ Nnadozie aṣọ́lé wa, àwọn ti àárín ò sì tíì padà dé. Àyè tó ṣófo láàárín ìlà méjèèjì yẹn, ibẹ̀ ni balógun Morocco sọ di ilé ní gbogbo ìdajì àkọ́kọ́. Chebbak kì í ṣe ọmọdé mọ́, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa, kò sì sáré ju àwọn tiwa lọ. Ó kàn mọ ibi tó yẹ kó dúró sí ni. Góòlù márùn-ún ló fi parí ìdíje náà, òun ló sì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù níbẹ̀.

Ìdajì kejì dùn ún wò. Justin Madugu, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, tó ti jẹ́ igbákejì Randy Waldrum tẹ́lẹ̀ kó tó gba iṣẹ́ náà, dojú kọ Jorge Vilda, akọ́nimọ̀ọ́gbá Morocco, tó kó Spain lọ gba ife àgbáyé ní 2023. Ọmọ ilẹ̀ wa ló borí. Ó sún ìlà ẹ̀yìn síwájú, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí àwọn ará Morocco rí àyè gbérí sókè, ojú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò bọ̀ǹtìbọ̀ǹtì. Esther Okoronkwo gbá pẹ̀nárítì wọlé ní ìṣẹ́jú 64 lẹ́yìn tí VAR, ẹ̀rọ fídíò tó ń ran rẹfirí lọ́wọ́, rí i pé adẹ́yìnmú wọn fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ní ìṣẹ́jú 71 ó gbé bọ́ọ̀lù lọ, ó sì fi lé Folashade Ijamilusi lẹ́sẹ̀, ọmọ náà ò ṣi í gbá. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì kí àádọ́rùn-ún pé, Okoronkwo yìí kan náà gbá fíríkíìkì, Jennifer Echegini yọ síbẹ̀, ó tì í wọlé. Mẹ́ta sí méjì. (Wọ́n kọ́kọ́ fún Morocco ní pẹ̀nárítì nígbà tó jẹ́ méjì-méjì, VAR ló gbà á padà. Àwa tí a máa ń bú ẹ̀rọ yẹn, a ò bú u lálẹ́ ọjọ́ náà.)

Ẹsẹ̀ Okoronkwo wà nínú góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Rasheedat Ajibade ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìdíje náà, mi ò sì bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n Okoronkwo ló ni alẹ́ Rabat.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí. Ìdajì wákàtí tó kẹ́yìn tí a fi là yẹn, kí ló dé tí kì í ṣe òun la fi bẹ̀rẹ̀? Orí bẹ́ǹṣì ni Echegini wà nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀. Òun sì ni ẹni tó máa ń dúró sí àyè tí Chebbak ń dúró sí yẹn, lẹ́yìn atamátàsé, níwájú àwọn adènà àárín, tó máa ń gba bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ejìká tó ti kọ ojú sí ilé ẹlòmíràn. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí pápá, ọ̀nà méjì péré ló kù fún wa: ká gbá a gígùn lọ sí iwájú, tàbí ká gbé e fún Ajibade ní wíńgì ká máa gbàdúrà.

Ẹ wo ìdíje yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Góòlù 14 ni a gbá wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà, mẹ́ta péré ló wọlé wa, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti àṣekágbá nìkan. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn á ní kí ni mò ń wí. Ṣùgbọ́n Zambia nìkan la gbá márùn-ún wọlé sí, Tunisia mẹ́ta. Zambia jáde wá bá wa nítorí pé wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé Barbra Banda, wọ́n fi ẹ̀yìn wọn sílẹ̀, Osinachi Ohale sì ti forí kàn án wọlé kí eniyan tó jókòó dáadáa. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn fún Falcons, eré sísá wọn á jẹ ẹ́ run. Botswana tó ti ilẹ̀kùn ńkọ́? Ẹyọ kan ṣoṣo. Algeria ńkọ́? Òdo sí òdo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti yege ṣáájú ọjọ́ náà. South Africa ní kòmẹsẹ̀-ó-yọ? Pẹ̀nárítì Ajibade àti bọ́ọ̀lù gígùn tí Michelle Alozie gbá láti ọ̀nà jíjìn lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, tó ré kọjá gbogbo èèyàn wọlé. Alozie fúnra rẹ̀ ò ní sọ fún yín pé ilé ló fojú sùn.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Ní ife àgbáyé 2023, England ni a bá pàdé ní Brisbane. Wọ́n lé Lauren James jáde ní ìṣẹ́jú 87. Láti ìgbà yẹn, pẹ̀lú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àfikún, àwa mọ́kànlá, àwọn mẹ́wàá. Àwọn ọmọ wa ò bẹ̀rù, wọn ò sinmi, wọ́n tilẹ̀ ti gbá òpó lókè ṣáájú. Síbẹ̀ a ò rí ọ̀nà gba àárín wọn kọjá, a ń gbé bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ wọnú àpótí títí ó fi di pẹ̀nárítì, wọ́n sì lé wa sílé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní Òlíḿpíìkì Paris, Brazil gbá wa ní ẹyọ kan, Spain ẹyọ kan, Japan mẹ́ta sí ẹyọ kan. Góòlù kan ṣoṣo la mú bọ̀. Gbogbo èèyàn bú àwọn atamátàsé. Ta ló fún wọn ní bọ́ọ̀lù?

Àìsí ẹni tó ń pín bọ́ọ̀lù yìí ló ń pa àwọn ẹlòmíràn lára. Ẹ wo Ajibade. Ọmọ Múṣin, tó ti ẹgbẹ́ FC Robo jáde, tó ń fi bọ́ọ̀lù dárà lẹ́sẹ̀ láti kékeré. Ẹ máa kà á lọ́kàn nígbà míì tí ẹ bá ń wò ó: ìgbà mélòó ló ń sáré padà sí ilẹ̀ wa lọ gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ àwọn adẹ́yìnmú, kó tó kọjú síwájú, kí wọ́n tó ta á lẹ́sẹ̀, kó tó dìde. Kí ó tó dé ibi tó ti lè ṣe wọ́n léṣe, agbára ti tán. Balógun wa ni, à ń lò ó bíi kùlíkùlí ọjà, gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń bù nínú rẹ̀.

Asisat Oshoala náà ń bẹ. Ẹ̀mẹ́fà ló gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà, ọmọ Ìkòròdú wa. Eré rẹ̀ ti dínkù, ojú àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n bí o bá fún un ní bọ́ọ̀lù sí ẹsẹ̀ nínú àpótí, kò tíì gbàgbé iṣẹ́. Bọ́ọ̀lù gígùn tí òun àti adẹ́yìnmú ogún ọdún jọ máa sá lé, ìyẹn ni kò yẹ ká máa fún un.

Nípa ẹ̀yìn, mi ò ní púpọ̀ láti sọ. Chiamaka Nnadozie ni aṣọ́lé tó dára jù nínú ìdíje náà, kò sì sẹ́ni tó yà lẹ́nu. Ohale àti Oluwatosin Demehin mọ iṣẹ́ wọn. Ká fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi rò pé àárín pápá ló ń dà wá láàmú, kì í sì í ṣe Madugu ló fà á. Nílé ìwé, bí ẹ bá kó àwọn ọmọbìnrin jáde sí pápá, kò pẹ́ tí ẹ máa rí ẹni tó lẹ́sẹ̀ eré. Ẹni yẹn, wíńgì. Ẹni tó ga, ẹ̀yìn. Ẹni tó gbójú, ojú ilé. Àárín wá di ibi tí à ń kó àwọn tó ṣẹ́kù sí, a ó ní kí wọ́n ṣáà máa gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo ní ọmọ kan rí, kékeré báyìí, kò lè sáré, ejìká rẹ̀ ò sì lágbára. Ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ti wo ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, á wo ti òsì, nígbà tí yóò sì fi gbà á, ó ti mọ ẹni tó máa fún. Mo mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣa àwọn tó máa ṣojú ìpínlẹ̀. Àwọn tó ń ṣà wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n ní kò ní páwà. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù lójú wọn kí wọ́n tó dá a padà.

Echegini àti Toni Payne, tí wọ́n mọ bí a ṣe ń gba bọ́ọ̀lù ká sì ti kọjú síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, òkè òkun ni wọ́n ti kọ́ ọ. Kò burú, ọmọ wa náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìdíje àwọn obìnrin abẹ́lé wa ń lọ lọ́wọ́, Remo Stars Ladies wà níbí ní Ìkẹ́nnẹ́, Edo Queens sì dé kòmẹsẹ̀-ó-yọ ìdíje àwọn ẹgbẹ́ Áfíríkà ní 2024. Ṣé a ò lè rí ẹyọ kan níbẹ̀ tó lè fi ọpọlọ gbá bọ́ọ̀lù, tí a ó fi sùúrù kọ́?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025 yìí, orílẹ̀-èdè Benin ni a máa bá gbá nítorí àtilọ sí ìdíje Áfíríkà ti 2026, níbẹ̀ sì ni wọ́n ti máa mú àwọn tó ń lọ sí ife àgbáyé ní Brazil ní 2027. Àwọn ìbátan wa láti Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ á dá owó jọ wá wò ó, inú wọn á sì dùn bí wọ́n bá gbá ọ̀mì pẹ̀lú wa. Wọn ò ní ṣílẹ̀kùn bíi ti Zambia. Àwọn mẹ́wàá á dúró sẹ́yìn, á sì di ọ̀rọ̀ ẹni tó lè fi bọ́ọ̀lù kan pín wọn sí méjì.

Olóòtú, àwọn oníròyìn yín máa ń rí Madugu bá sọ̀rọ̀ ju àwa lọ. Nígbà míì tí wọ́n bá rí i, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ilé oníyàrá mẹ́ta sílẹ̀ ná. Kí wọ́n bi í pé ta ló máa dúró lẹ́yìn atamátàsé láti ìṣẹ́jú kìn-ín-ní. Bó bá ní Echegini ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé iwájú. Bó bá ní òun ṣì ń wò ó, ẹ bá mi bi í pé kí ló kù tí kò rí ní Rabat.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.