Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù: wo aago kó o tó jẹun

Àyìnkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti rí lísìtì tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, gbogbo ilé oúnjẹ tíwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ kó jọ lórí Instagram, mo wò ó láti òkè délẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Gbogbo ẹ̀ ló ní òdòdó oníke lára ògiri, gbogbo ẹ̀ ló wà ní Island, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó kọ aago tí ọbẹ̀ wọn máa ń sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ sọ gan-an nìyẹn kí n tó dárúkọ ibì kankan: nílé níbí, aago lo máa kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà lo máa wá wo orúkọ ilé oúnjẹ. Búkà tó dáa jù ní gbogbo Ìbàdàn, tó o bá dé'bẹ̀ láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ìsàlẹ̀ ìkòkò ni wọ́n máa fi ṣe ẹ́ lálejò. Ó ti mọ́ ẹ̀yin lára lọ́hùn-ún kẹ́ ẹ máa búùkù tábìlì aago mẹ́jọ alẹ́. Aago mẹ́jọ alẹ́ kẹ̀? Ìyá tó ń ro àmàlà ti wẹ̀, ó ti sùn.

Mi ò bú yín o. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń jẹun gidi, a gbọ́ ti Chishuru, ilé oúnjẹ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́hùn-ún, nílé níbí, pé Adejoke Bakare tó ni ín gba ìràwọ̀ Michelin, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún àwọn ilé oúnjẹ tó dáa jù, lọ́dún 2024, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa gbà á ní gbogbo UK, inú wa dùn débi pé à ń sọ ọ́ kiri bíi pé ọmọ ilé wa ni. Ìyẹn dáa. Ibi témi fẹ́ mú yín lọ, bẹ́ńṣì ló wà níbẹ̀, kò sí ìràwọ̀.

Àmàlà lo kọ́kọ́ bèèrè, torí náà ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn ni kẹ́ ẹ ti lọ jẹ ẹ́, ẹ má sì wakọ̀ lọ, màrosẹ̀ yẹn máa bá inú yín jẹ́ lọ́jọ́ tó bá ṣe tiẹ̀. Rélùwéè ni. Látìgbà tí wọ́n ti ṣí i lọ́dún 2021 mi ò fẹ́ gba ojú títì mọ́. Ẹ wọ tàárọ̀ ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta, Alágómẹ́jì níbẹ̀ yẹn, ó máa já yín sí Mọ́níyà, ìdíkọ̀ tí wọ́n fi sọrí Awólọ́wọ̀, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ẹ̀, ẹ wá ti ibẹ̀ wọ táksí lọ sí Bódìjà. Ẹ ní kó gbé yín lọ sí Amala Skye. Skye Bank tó wà nítòsí ni wọ́n fi ń pe ibẹ̀, báńkì fúnra ẹ̀ ti di Polaris láti 2018, àmọ́ ta ló máa sọ fún ará Ìbàdàn pé òun fẹ́ lọ jẹ àmàlà Polaris?

Tó o bá dé iwájú obìnrin tó ń bu oúnjẹ, má dúró kó o máa wo ojú ẹ̀ bí ẹni tó ń ka mẹ́nù, àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ máa ké mọ́ ẹ. Kọ́kọ́ sọ iye àmàlà tó o fẹ́. Ó máa gbé e sáwo, ó máa da ewédú lé e, ó máa da gbẹ̀gìrì lé e, ó máa fi ọbẹ̀ ata pupa sáàárín, gbogbo ẹ̀ á ti parí kó o tó yọ fóònù láti ya fọ́tò. Ẹran ló kù: ṣàkì, àbọ̀dì, ẹ̀dọ̀, pọ̀ǹmọ́, ògúnfe, ẹja, òun á máa fi ṣíbí yí i kí o lè rí i, ìwọ á máa nàka. Ògúnfe ni kó o mú, kó o fi ṣàkì kan tì í, kó o sì sọ fún un pé kó má gbé èyí tó lọ́ràá jù fún ẹ, ó máa bínú díẹ̀ àmọ́ ó máa pààrọ̀ ẹ̀. Ìnáwó ẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tẹ́ ẹ máa san ní Island.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ aago nìyí. Àmàlà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò máa ń fẹ́lẹ́, ó máa ń yọ́ lọ́nà ọ̀fun fúnra ẹ̀, àmọ́ èyí tó ti jókòó sínú kúlà fún wákàtí mélòó kan máa ń sọmi sílẹ̀ lára ọ̀rá, inú ẹ̀ á wá le. Ewédú tí wọ́n bá tún gbé kaná kì í yọ̀ mọ́, omi aláwọ̀ ewé lásán ni. Gbẹ̀gìrì tó bá ti ń dì sétí àwo, sáré sá níbẹ̀. Láàárín aago mọ́kànlá sí aago kan ọ̀sán ni gbogbo ẹ̀ máa ń ṣẹ́ pọ̀ dáadáa, lẹ́yìn ìyẹn, àánú Olúwa ni. Àti pé tó o bá rí funfun, láfún nìyẹn o, pákí ni wọ́n fi ṣe é, àwọn Ẹ̀gbá ló ni ín, má lọ pè é ní àmàlà níwájú àwọn èèyàn yẹn, wọ́n á ní ta ló tọ́ ẹ.

Tí Ìbàdàn ò bá ṣeé ṣe ńkọ́? Ó dáa, Èkó náà ní tiẹ̀. Amala Shitta wà ní Sùúrùlérè, White House wà nítòsí mi ní Yábàá, méjèèjì ló dáa, mo fẹ́ràn ti Shitta jù torí wọ́n máa ń fọwọ́ lile mú ata. Tẹ́ ẹ bá wá wà ní Lagos Island fún ìnáwó kan, ẹ wá Ghana High lọ ní Oníkàn, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì tó wọ táì ni wọ́n kún ibẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ṣíwájú wọn débẹ̀ torí tí aago méjìlá bá ti lù, ìjókòó ò sí mọ́. Mi ò ní dárúkọ ibì kan báyìí ní VI tí wọ́n fi ìgbá kékeré bu àmàlà fún mi, tí ó gbóná létí tó tutù láàárín, tí wọ́n sì tún kọ owó ìsìn sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì. Ó wà nínú lísìtì yín. Mo ti fa igi lé e.

Ẹ má jẹ oúnjẹ àárọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, mo bẹ̀ yín, ẹyin àti sọ́séèjì tẹ́ ẹ sá fún ní Peckham lẹ tún wá pàdé. Ẹ̀wà àgànyìn ni. Kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní àdírẹ́ẹ̀sì, ìyá náà ló máa ru ú kọjá tàbí kó jókòó sí ìkòríta kan, àwọn obìnrin tó ti orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò wá ló kọ́kọ́ gbé e wọ Èkó, kódà títí dòní wàá gbọ́ èdè ibẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ̀wà náà gbọ́dọ̀ rọ̀ débi pé wọ́n lè fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́, ata tó ti dúdú nínú epo pupa ló máa gorí ẹ̀, búrẹ́dì Agége tó ṣì gbóná lo máa fi gbá a. Aago méje sí mẹ́sàn-án. Tó bá di aago mẹ́wàá, ìyá ti lọlé.

Ẹmu náà, àárọ̀ ni o. Mo mọ̀ pé o rò pé ọtí ni, àti pé ọtí, alẹ́ ni. Ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dùn bíi ṣúgà, àmọ́ látìgbà tó ti ń kán sínú agbè ló ti ń kan, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán ó ti ń ta ní imú, tó bá wá di ọjọ́ kejì, ìwọ àti orí ẹ lẹ jọ máa yanjú ẹ̀. Èyí tó ń hó tí kòkòrò wẹ́wẹ́ wà lójú ẹ̀ ni kó o rà, má jẹ́ kó já ẹ láyà, wọ́n máa sẹ́ ẹ. Èyí tó mọ́ lóló tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú ike, omi àti ṣúgà ló pọ̀ níbẹ̀.

Bíà wá ńkọ́? Oòrùn gbọ́dọ̀ wọ̀ ná. Ohun tó máa ń kó bá àwọn IJGB, ìyẹn ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, ni pé wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ láago méjì ọ̀sán nínú oòrùn Dìsẹ́ńbà, tó bá fi máa di àsìkò ìgbádùn wọ́n ti sùn sórí àga. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ máa ní àwọn mọ Guinness, jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Èyí tí wọ́n ń fà látinú ẹ̀rọ ní pọ́ọ̀bù yín, 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọtí inú ẹ̀. Odeku tiwa, inú ìgò ńlá yẹn, 7.5 ni, ìgò náà sì tún ju páìǹtì kan lọ, sẹ̀ǹtílítà 60. Ìkẹjà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọ́n níbí lọ́dún 1962, kò sí ilé ọtí Guinness mìíràn lẹ́yìn Ireland àti Britain nígbà yẹn. Nígbà tí ìjọba wá ní kí ẹnikẹ́ni má kó báálì, ọkà òkè òkun tí wọ́n fi ń pọn bíà, wọlé mọ́ lọ́dún 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo làwọn ilé ọtí gbá mú, ohun tí wọ́n wá ń ṣe ni pé omi dúdú kíki kan tó ń ti Dublin wá ni wọ́n ń pò mọ́ bíà tí wọ́n fi ọkà ilé pọn. Àwọn bàbá ńlá wa sì ti ń fi ọkà bàbà pọntí tipẹ́tipẹ́, torí náà tí ọ̀rẹ́ ẹ bá ní kì í ṣe Guinness tòótọ́ lèyí, sọ fún un pé kó mu ìgò kan tán ká tó jọ sọ̀rọ̀.

Tèmi o, Trophy ni. Ìjẹ̀ṣà ló bí màmá wa, kí ni kí n ti ṣe é? Iléṣà ni wọ́n ti ń ṣe é, Lawrence Omole ló dá ilé ọtí yẹn sílẹ̀ lọ́dún 1971, ó di 1978 kí ìgò àkọ́kọ́ tó jáde, ó fúyẹ́, kì í kún inú, ó sì bá àsun mu ju bíà yòókù lọ. Star ni bàbá ẹ mọ̀, wọ́n ti ń pọn ìyẹn ní Igánmú láti 1949, ra ìgò kan fún wọn tó o bá lọ kí wọn, wọ́n á sọ̀tàn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Gulder korò jù fún mi. Èyíkéyìí tó o bá ní kí wọ́n gbé wá, fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó ṣí i, kí wọ́n sì ṣí i lójú ẹ. Tí kò bá tutù, dá a padà, kò sẹ́ni tó máa bínú.

Ibi tó o ti máa mu ún: bíà pálọ̀ tó ní agbada ẹja láàyè níwájú. Pọ́ìǹtì-ẹ̀ń-kìl là ń pè é. O máa nàka sí àrọ̀ tó wù ẹ́ nínú omi, ẹ máa dúnàádúrà, kẹ́ ẹ sì parí owó KÍ WỌ́N TÓ lu orí ẹ̀, torí tó bá ti kú, iye tó bá wù wọ́n ni. Ó máa pẹ́ kó tó jinná, wọ́n máa ní ìṣẹ́jú ogún, wákàtí kan ni. Ẹ ra súyà síwájú fún àsìkò yẹn. Tẹ́ ẹ bá wà ní Ìkòyí, ti Glover Court ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún.

Ó kù síbi tí orin wà. Ẹ lọ sí Afrika Shrine ní Agidingbi, Ìkẹjà, èyí tí Femi àti Yeni Kuti ṣí lọ́dún 2000, ẹ má dé'bẹ̀ ṣáájú aago mẹ́sàn-án alẹ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ nígbà yẹn. Freedom Park náà dáa tí ẹ bá fẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ wà, ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ lọ́dún 2010, ẹ jókòó síta. Tí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí ẹnì kan nínú yín bá ń ké AC, Terra Kulture ní VI ni, ẹ wo eré orí ìtàgé kan síbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ.

Kọ́kútéèlì, o bèèrè, mi ò fẹ́ gbàgbé. Gbogbo mojito tó wà nínú lísìtì yín, ẹ ní in nílé. Chapman ni kẹ́ ẹ mu. Fanta, Sprite, omi pupa dídùn kan, ìkán díẹ̀ Angostura, omi kíkorò inú ìgò kékeré kan, kùkúḿbà àti òroǹbó wẹ́wẹ́, yìnyín tó kún dẹ́nu máàgì ńlá. Ikoyi Club ni wọ́n ní ó ti ṣẹ̀ wá. Èyí tí wọ́n bá dà látinú ìgò tó ti pò sílẹ̀, ẹ má san owó ẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ tí kì í fẹnu kan ọtí rárá, kó sọ fún wọn pé kí wọ́n yọ Angostura kúrò, torí ọtí líle ló wà nínú ìgò kékeré yẹn bó ti wù kí ìkán ẹ̀ kéré tó.

Nǹkan méjì péré, mo ti ń sùn. Ọ̀pọ̀ búkà kì í ṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, torí náà ẹ má fi Ìbàdàn sọ́jọ́ yẹn. Ẹ sì mú káàṣì díẹ̀ dání, transfer máa ń so kọ́ nígbà tí ebi bá pa èèyàn jù. Fi ọjọ́ tẹ́ ẹ máa balẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ ọ̀la kí n lè tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè, tí Kérésì bá ti ń sún mọ́ kì í ṣeé rí, kó o sì sọ iye yín gan-an fún mi, kì í ṣe "bóyá mẹ́rin bóyá mẹ́fà" tó o kọ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n ẹ,
Yábàá