Lẹ́tà sí Bàbá mi lórí ọ̀rọ̀ William Burroughs

Lawrence, Kansas.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màámi. Iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi dé ọwọ́ mi, mo sì mọ̀ pé èsì rẹ̀ ti pẹ́. Ẹ ní Ẹ̀gbọ́n mi fi fíìmù kan hàn yín, níbi tí arúgbó òyìnbó kan ti ṣe àlùfáà tí wọ́n yọ nípò nítorí oògùn olóró, ó sì ní torí ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kàwé níbí. Òótọ́ ni. Drugstore Cowboy ti ọdún 1989 ni fíìmù náà, William Burroughs, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, sì ni arúgbó náà.

N kò ní pọ́n ọn lé fún yín. Ọmọ ọlọ́lá ni, bàbá bàbá rẹ̀ ni ó ṣe ẹ̀rọ ìṣirò tí àwọn báńkì ń lò nígbà náà. Ó jáde ní Harvard ní 1936, heroin di bárakú fún un, nígbà tí ó sì di 1951, ní Mexico City, tí ọtí wà lójú rẹ̀, ó yìnbọn pa Joan Vollmer, ìyàwó rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ni ó tọ́ ọmọ tí obìnrin náà bí fún un. Àwọn kan náà ni ó ń fi owó ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù ní Tangier, ní Morocco, níbi tí ó ti ń kọ Naked Lunch, ìwé tí wọ́n gbé lọ sílé-ẹjọ́ ní Massachusetts pé ó kún fún ìsọkúsọ, kí ilé-ẹjọ́ gíga tó dá a láre ní 1966.

Ọdún yẹn gan-an ni ó ṣe ẹni tí wọ́n ń pè ní Opium Jones nínú fíìmù Chappaqua. Kò fi ara rẹ̀ pamọ́ rárá lójú kámẹ́rà: ìtìjú rẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún, títí tí Nike fi lò ó láti polówó bàtà ní 1994. Bí orúkọ burúkú ṣe ń di ọjà ni mo ń wádìí, Bàbá, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń lo oògùn. Lawrence níbí ni ó gbé láti 1981 títí tí ó fi kú ní 1997, ibo ni ẹ wá fẹ́ kí n ti lọ wádìí rẹ̀?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mí wé e. Òun ń gba owó lọ́wọ́ òbí, èmi ń fi ránṣẹ́, bí ó tilẹ̀ pẹ́. Ara mi le, mo ń jẹun. Owó òrùlé yóò dé kí oṣù yìí tó parí. Ṣé Ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ráyè wo fíìmù, ti san ìdajì tirẹ̀?

Ọmọ yín,
Adéwálé