Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kékeré wa lọ jókòó ti tìjọba

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàríga ni mo ti ń ránṣọ, ọmọ alájọgbélé wa kan tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ló gbé sẹ́ńsọ̀ kan, ẹ̀rọ tó ń wọn eruku inú afẹ́fẹ́, kọ́ sókè wíńdò ṣọ́ọ̀bù mi, kò ju agolo mílíìkì lọ, fáànù kékeré inú ẹ̀ á fa afẹ́fẹ́ wọlé, iná lésà á tàn sí i, bí eruku àti èéfín bá ṣe pọ̀ tó ni iná yẹn á ṣe fọ́n ká, ibẹ̀ ló ti ń ṣírò nọ́ńbà tó ń gbé sórí fóònù. Eruku ọ̀hún kéré débi pé irun orí fẹ̀ jù ú lọ ní bí ìlọ́po 30, òun ló ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró lọ. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ ní 2021 pé láàárín wákàtí 24 kò yẹ kó ju 15 microgram (ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù ni microgram kan) lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan.

Tiwa ńkọ́? Alẹ́ ọjọ́ kan wọ́n múná lọ, gbogbo I-pass-my-neighbour ojúlé wa dún lẹ́ẹ̀kan náà, kí n tó ran apá bùbá kan tán nọ́ńbà ti fò kọjá 100. Ìyá alákàrà tiẹ̀ kọ́kọ́ bínú, ó ní ṣé a fẹ́ fẹjọ́ òun sun ìjọba ni, ìgbà tó rí ohun tí igi tòun náà ń ṣe sí nọ́ńbà yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló sún àdògán kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

A wá kó àkọsílẹ̀ wa lọ sí ọ́fíìsì kan, ọ̀gá ibẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní tọ́ì ni sẹ́ńsọ̀ wa. Ká sòótọ́, kò parọ́ tán, torí tí kùrukùru bá sọ̀ láàárọ̀, sẹ́ńsọ̀ yìí á ka omi mọ́ eruku, nọ́ńbà á ga láìsí ẹni tó dáná. Àmọ́ ọ̀nà wà tí wọ́n fi ń tún un ṣe: wọ́n á gbé e ti ẹ̀rọ ńlá tó péye fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, wọ́n á fi tibí wo tọ̀hún, wọ́n á mọ iye tí wọ́n máa yọ. Ẹ̀rọ ńlá ọ̀hún wọ́n, a ò lè ní in ládùúgbò, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tó bá wà ní Victoria Island ò lè mọ bí èéfín ẹja yíyan ṣe rí ní Makoko. Báńkì Àgbáyé ṣírò ẹ̀ pé bí èèyàn 11,200 ni afẹ́fẹ́ burúkú pa láìtọ́jọ́ l'Ékòó ní 2018.

Ẹ bá wa bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tiwọn. Sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta péré ni tiwa, ọmọ yẹn á kó wọn wá, èmi ni màá san owó dánfó.

Ìyá Aránṣọ,
Bàríga, Èkó